Mọ́tò Tí Òfin Kò Tíì Ní Orúkọ Fún

Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọkàn yàwòrán bí ọlọ́pàá ṣe mú awakọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi eré àsápajúdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kí a ronú kan mọ́tò tó ń fò bí ẹfúùfù, tí mọ́tò ọlọ́pàá sì ń sá tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Máìlì 8 láàárín wákàtí kan ni ọkùnrin náà ń sá. Kẹ̀kẹ́ ni ọlọ́pàá fi lé e bá. Ṣílè 1 péré sì ni owó ìtanràn tí wọ́n bù fún un lórí eré náà.

Walter Arnold ni orúkọ rẹ̀, oṣù January ọdún 1896 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi ìtàn yìí rín. Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀, a rí i pé ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀rín náà tí kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: bí ohun tí òfin kò tíì mọ̀ bá yọ sójú ọ̀nà, kí ni ọlọ́pàá yóò pè é? Orúkọ tó bá pè é ló máa sọ ohun tí yóò ṣe sí ẹni tó ń wà á.

Òfin tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ńlá

Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló ni ojú ọ̀nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí mọ́tò tó dé. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀rọ ràgàjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn. Wọ́n ń fa ẹrù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n wúwo débi pé wọ́n ń ba ọ̀nà jẹ́, ariwo àti èéfín wọn sì ń dẹ́rù ba ẹṣin. Àwọn yìí ni ilé aṣòfin ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe òfin kan lọ́dún 1865. Òfin náà sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ láàárín wákàtí kan ní ìgbèríko, kò sì gbọdọ̀ ju máìlì 2 lọ láàárín ìlú àti abúlé. Ènìyàn 3 ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ máa mójú tó o. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn ní yáàdì 60 níwájú rẹ̀, kí ó gbé àsíá pupa dání, kí ó máa kìlọ̀ fún àwọn tó ń gun ẹṣin bọ̀.

Lọ́dún 1878, wọ́n ṣe àtúnṣe díẹ̀. Àsíá pupa kì í ṣe dandan mọ́ lábẹ́ òfin gbogbogbòò, yáàdì 60 sì di 20. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú kò kúrò níbẹ̀.

Ká má fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ẹni tó bá ti bá tírélà pàdé rí lójú ọ̀nà tóóró yóò mọ̀ pé ẹ̀rù tó ba àwọn ará ìgbà náà kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé. Ibi tí wàhálà wà ni orúkọ. 'Locomotive' ni òfin pe ẹ̀rọ náà, ó sì na orúkọ yìí gbòòrò: ohunkóhun tó bá ń rìn lójú ọ̀nà, tí kì í ṣe agbára ẹranko ló ń fà á, 'locomotive' ni. Ní January 1886, Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba Jámánì lórí ọkọ̀ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo epo. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ni, ènìyàn kan lè dá wà á. Nígbà tí irú rẹ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ bàbá ńlá onírin tó ń fọn èéfín yẹn ló bá nílẹ̀, òun náà ni wọ́n sì gbé wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tiwọn yìí, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún mọ́kànlélógún kí wọ́n tó bí i.

Ẹni tó ń wá ọlọ́pàá tí kò rí

Ẹni àkọ́kọ́ tí a fẹ́ mẹ́nu bà ni Evelyn Ellis. Ọmọ ilé ọlá ni, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ra ọkọ̀ Panhard et Levassor láti ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 5 oṣù July ọdún 1895, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Frederick Simms wà á láti Micheldever dé Datchet. Máìlì 56 ni. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 32 ni wọ́n lò, tí a bá yọ ìgbà tí wọ́n dúró sinmi kúrò. Ìyẹn tó nǹkan bíi máìlì 10 láàárín wákàtí kan. Kò sí ẹnì kankan tó ń rìn níwájú wọn.

Wọ́n ní ohun tí Ellis ń wá gan-an ni kí ọlọ́pàá dá òun dúró, kí ọ̀rọ̀ òfin náà lè dé ilé ẹjọ́, kí gbogbo ìlú sì gbọ́. Kò sí ọlọ́pàá tó dá a dúró. Àwọn ará abúlé jáde wá wò wọ́n, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Simms kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹṣin 133 ni àwọn bá pàdé lọ́nà, àfi àwọn ẹṣin kékeré 2 ni ọkọ̀ náà kò bá lára mu. Ẹ̀rù ẹṣin yìí náà ló kúkú bí òfin 1865.

"Ṣé ẹ̀rọ ooru omi ni?"

Ẹnì kejì ni John Henry Knight, ará ìlú Farnham. Òun kò ra tirẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, òun ló ní kí wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù October ọdún 1895, James Pullinger tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń wà á lọ ní òpópónà Castle Street. Àwọn ènìyàn pé jọ láti wò ó. Ọ̀gá ọlọ́pàá dé, ó sì béèrè bóyá ẹ̀rọ ooru omi ni.

Ìbéèrè yìí wù wá púpọ̀. Ọlọ́pàá náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó mọ̀ ló fi ń wá ọ̀nà dé ibi ohun tí kò mọ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Knight dá a lóhùn pé rárá, kì í ṣe ẹ̀rọ ooru omi. Ó lè ti rò pé ìdáhùn yẹn yóò gba òun sílẹ̀. Kò gbà á, nítorí òfin kò béèrè ohun tó ń gbé ọkọ̀ náà rìn, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ẹranko. Wọ́n pe òun àti Pullinger lẹ́jọ́ pé wọ́n ń lo 'locomotive' láìgba ìwé àṣẹ. Ilé ẹjọ́ bu ṣílè méjì àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú owó ẹjọ́.

Ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìyẹn, ní October 15, Sir David Salomons tó jẹ́ olórí ìlú Tunbridge Wells ti ṣe ìpàtẹ mọ́tò fún gbogbo èrò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Britain. Níbi kan, olórí ìlú ń fi mọ́tò han ayé, níbòmíràn, ọlọ́pàá ń kọ orúkọ ẹni tó wà á sílẹ̀. Òfin kan náà ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni.

Ẹni tí kẹ̀kẹ́ lé bá

Ẹnì kẹta ni Walter Arnold, ará Kent. Ó ń ta ọkọ̀ Benz tí wọ́n ń kó wá láti Jámánì, ilé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ náà fúnra wọn. Ó ń gba abúlé Paddock Wood kọjá lọ ní máìlì 8 láàárín wákàtí kan, níbi tí òfin ti fàyè gba 2. Ìtàn sọ pé ọlọ́pàá abúlé náà wà nídìí oúnjẹ nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá iwájú ilé rẹ̀. Ó dìde, ó dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì lé Arnold fún bíi máìlì 5 kó tó bá a.

Ẹ̀sùn 4 ni wọ́n kà sí Arnold lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn lójú ọ̀nà láìsí ẹṣin. Ènìyàn tó ń mójú tó o kò tó 3. Ó sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Kò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sára ọkọ̀ náà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ fún ilé ẹjọ́ pé àwọn tó ṣe òfin kò ronú kan irú ọkọ̀ yìí rárá. Ó dárúkọ Salomons àti Ellis pé àwọn náà ní irú rẹ̀. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé bí owó ìtanràn bá di dandan, kí wọ́n jẹ́ kó kéré. Wọ́n dá Arnold lẹ́bi, ṣílè 1 sì ni ti eré nínú gbogbo rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí ọlọ́pàá yẹn gùn náà ní ìtàn tirẹ̀. Kó tó di ọdún 1888, àríyànjiyàn wà lórí ohun tí òfin yóò máa pè é: ṣé ọkọ̀ ni àbí ohun ìṣeré? Òfin ọdún 1888 ló là á mọ́lẹ̀ pé ọkọ̀ ni, ó ní ẹ̀tọ́ sí ojú ọ̀nà, ẹni tó ń gùn ún sì gbọ́dọ̀ máa lu agogo bó bá fẹ́ kọjá lára ènìyàn. Ní 1896, kò tíì pé ọdún 8 tí èyí ṣẹlẹ̀. Ohun àràmàǹdà àná ni ọlọ́pàá gùn tó fi lé ohun àràmàǹdà òní.

Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òfin kan ló de gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì rú u láàárín oṣù 7. Ẹni tó rìn jìnnà jù, tó ń wá ẹjọ́, kò rí ẹjọ́. Ẹni tó wà láàárín ìlú rẹ̀ rí i. Ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rí i jù lọ. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà, àti irú ojú tí ọlọ́pàá ibẹ̀ fi wò wọ́n. Nígbà tí òfin kò bá bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́, ojú ọlọ́pàá ló máa ń di òfin.

Ọjọ́ 3 péré

Kò pẹ́ tí ilé aṣòfin fi gbọ́ ariwo. Àwọn tó ń pariwo kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè dákẹ́ sí: ọmọ ìjòyè wà níbẹ̀, olórí ìlú wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù August ọdún 1896, ọba fọwọ́ sí òfin tuntun. Ẹ wo ohun tí òfin tuntun náà ṣe: ó ya orúkọ sọ́tọ̀. Ọkọ̀ tí kò bá tó tọ́ọ̀nù 3 kì í ṣe 'locomotive' lásán mọ́, 'locomotive' fífúyẹ́ ni. Kò nílò ènìyàn 3 mọ́, kò nílò ẹni tí yóò máa rìn níwájú, ó sì lè sáré dé máìlì 14, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ tún dín in kù sí 12. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi kún orúkọ ló tú ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní November 14. Lọ́jọ́ náà, àwọn onímọ́tò wa ọkọ̀ wọn láti London lọ sí Brighton, wọ́n fi ṣe àjọyọ̀. Kí wọ́n tó gbéra, ìjòyè kan fa àsíá pupa ya lójú gbogbo èèyàn. Ẹ rántí pé àsíá yẹn ti kúrò nínú dandan òfin láti 1878! Títí di òní, wọ́n ṣì ń rin ìrìn náà lọ́dọọdún pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n ṣì ń fa àsíá ya.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín August àti November tí àjọyọ̀ kì í sábà rántí. Ní ọjọ́ 17 oṣù August, ọjọ́ 3 péré lẹ́yìn tí ọba fọwọ́ sí òfin tuntun, ìyá kan tí ń jẹ́ Bridget Driscoll lọ sí Crystal Palace ní London pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ilé iṣẹ́ kan ń fi mọ́tò gbé èrò káàkiri nínú ọgbà ibẹ̀ kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà gbá a, ó sì kú. Ẹni ọdún 44 ni. Òun ni ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mọ́tò alépo pa ní Britain. Awakọ̀ sọ pé máìlì 4 ni òun ń sá. Ẹlẹ́rìí kan sọ pé bí ẹṣin tó ń sá eré gidi ló ń bọ̀. Ìwádìí sọ pé ìjàǹbá ni, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òṣìṣẹ́ tó ṣe ìwádìí náà gbàdúrà pé kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nínú gbogbo ìtàn tí a kà, ibí yìí ló dá wa dúró jù. Wọ́n bu owó fún Arnold nítorí pé kò sí ẹṣin níwájú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fara pa. Nígbà tí ẹ̀mí lọ, òfin kò rí nǹkan kan sọ. Ẹni tó ń rìn níwájú pẹ̀lú ìkìlọ̀, ẹṣin ni wọ́n ní kó máa ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ronú kan ìyá tó ń fẹsẹ̀ rìn. Òfin àtijọ́ wo ọkọ̀ náà, òfin tuntun wo ẹni tó ń wà á, kò sí èyí tó wo ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dáadáa.

Kíkí tí kò wá

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ onímọ́tò àti ọlọ́pàá di eré ajá àti ológbò. Òfin ọdún 1903 gbé eré dé máìlì 20, ó sì mú nọ́ńbà ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì wá láti January 1904. Láti gba láísẹ́ǹsì, ṣílè 5 ni, kò sí ìdánwò. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í lúgọ sínú igbó pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Lọ́dún 1905, àwọn onímọ́tò dá ẹgbẹ́ Automobile Association sílẹ̀ láti máa kìlọ̀ fún ara wọn. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Nígbà tí ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tó bá ń kìlọ̀ fún awakọ̀ ń dí ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n yí ọgbọ́n padà. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yóò máa kí gbogbo mọ́tò tó bá ní àmì ẹgbẹ́. Bí kò bá kí ọ, mọ̀ pé ọlọ́pàá wà níwájú. Ta ló sì lè fi ẹ̀sùn kan ènìyàn pé kò kí èèyàn?

Orúkọ lẹ́nu tiwa

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá kò lè ka ìtàn yìí ká má ronú sí bí èdè wa ṣe gba àwọn ohun wọ̀nyí. Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èyí tó ń rìn lórí irin dé, a pè é ní ọkọ̀ ojú irin, èyí tó ń fò di ọkọ̀ òfurufú. Àwa náà fi orúkọ ohun àtijọ́ pe ohun tuntun, ṣùgbọ́n a fi ibi tó ń rìn kún un. Alùpùpù gba orúkọ lára ohùn rẹ̀. Ayọ́kẹ́lẹ́ gba tirẹ̀ lára ìrìn rẹ̀, a-yọ́-kẹ́lẹ́. Ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó dé lẹ́yìn gba orúkọ lọ́nà mìíràn. Ọ̀kadà gba tirẹ̀ lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, àwàdà ojú títì ni. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gba tirẹ̀ lára Buba Marwa, ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999, nítorí ìgbà tirẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà gbòde. Ohun tí orúkọ gómìnà wà lára rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìjọba tó dé lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù February ọdún 2020, ìjọba Èkó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní àwọn agbègbè kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù June ọdún 2022, wọ́n fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n sì rún un wómúwómú ní gbangba. Ìjàǹbá àti ìwà ọ̀daràn ni ìjọba fi ṣe ìdí, ìjàǹbá náà kì í sì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹni tó ti fara pa lórí ọ̀kadà.

Síbẹ̀, ẹ fi wé ti Arnold. Òun san ṣílè rẹ̀, ó padà sídìí òwò mọ́tò rẹ̀, òfin sì yí padà kí ọdún tó parí. Ọlọ́kadà tí wọ́n rún alùpùpù rẹ̀ kò ní ohun tí yóò padà sídìí rẹ̀, kò sì sí ọmọ ìjòyè tí ń gun ọ̀kadà tí agbẹjọ́rò rẹ̀ lè dárúkọ ní kóòtù. Òfin máa ń tètè kọ́ orúkọ tuntun bí ohun tuntun bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè. Bó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi wá oúnjẹ òòjọ́, ó lè pẹ́ kó tó kọ́ ọ.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé ọlọ́pàá burú tàbí pé òfin kò wúlò. Ìbéèrè ọ̀gá ọlọ́pàá Farnham dára, ó kàn dá ìbéèrè dúró láìpẹ́ ni. Lẹ́yìn "kí ni èyí?", ó kù kí ènìyàn béèrè pé ta ni ohun náà lè pa lára, àti ta ni a óò pa lára bí a bá gbà á. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀, àwọn tó ń lo iná dípò epo ti ń dé. Kí wọ́n tó gba orúkọ lọ́wọ́ ìjọba, a rọ ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbà tó ti jáde níbí, ẹ bi àwọn àgbàlagbà ìlú yín orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pe kẹ̀kẹ́, alùpùpù àti mọ́tò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Iṣẹ́ tiwa ni láti tọ́jú rẹ̀.